Lẹ́yìn Tí Èrò Bá Túká: Ohun Tó Ń Mú Kí Ìfẹ̀hónúhàn So Èso

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ọdún tó kọjá, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mélòó kan kọ ọ̀rọ̀ sórí ẹ̀rọ ayélujára pé kí àwọn èèyàn jáde. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, èrò tó jáde pọ̀ ju ohun tí a rò lọ, àwọn oníròyìn sì gbé wa. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, èrò dín kù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwa bí ogún la kù. Kò sí ohun tó yí padà. Àwọn kan ní èrò wa ni kò pọ̀ tó, àwọn mìíràn ní àfi kí a máa dáná sun nǹkan ni wọn yóò tó gbọ́. Kí gan-an ló ń mú kí ìfẹ̀hónúhàn ṣàṣeyọrí láyé òde òní?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà. Ogún èèyàn tó ṣì dúró lẹ́yìn tí ariwo ti lọ kì í ṣe ohun ìtìjú rárá, n óò sì padà sọ́dọ̀ wọn kí n tó dákẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì tó ń gbà yín nímọ̀ràn, ẹni tó ní èrò kò pọ̀ tó àti ẹni tó ní kí ẹ dáná sun nǹkan, ibì kan náà ni wọ́n ti ṣìnà. Wọ́n rò pé ariwo ló ń yí aláṣẹ lọ́kàn padà. Irú ariwo tó yẹ ni wọ́n kàn ń jiyàn lé lórí.

Èrò kì í ṣe agbára. Àmì agbára ni. Nígbà tí ẹni tí ẹ ń bá jà bá yọjú lójú fèrèsé, tó rí omilẹgbẹ èèyàn, ìbéèrè tó ń bi ara rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí mo bá kọ̀ jálẹ̀, kí ni àwọn èèyàn yìí tún lè ṣe? Bí ó bá jẹ́ pé wọn ó padà sílé lọ sinmi ni, kò sí ìdí tí yóò fi mira. Yóò fara da ọjọ́ mẹ́ta. Yóò fara da ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pàápàá. Àmọ́ bí ó bá mọ̀ pé tó bá di ọ̀la, owó tó ń wọlé fún òun lè dá, tàbí pé àwọn tó ń bá òun mú àṣẹ ṣẹ ti ń wẹ̀yìn wò, oorun ò ní kùn ún mọ́.

Ẹ wo ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2003. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn jáde ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú káàkiri ayé láti sọ pé àwọn kò fẹ́ kí wọ́n gbógun lọ sí Ìráàkì. Èrò tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ náà wà lára èyí tó pọ̀ jù lọ tí ìlú ńlá yẹn rí rí. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, ogun bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó jáde yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ, òótọ́ ọkàn wọn ni wọ́n sì sọ. Ohun tí wọn kò ní ni ohun tí wọn yóò ṣe lọ́jọ́ kẹrìndínlógún.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ohun tí àwọn obìnrin Áísìláńdì ṣe lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 1975. Nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè kékeré yẹn ló kọ̀ láti fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan lọ́jọ́ náà, yálà iṣẹ́ oṣù ni o, tàbí iṣẹ́ ilé, tàbí ìtọ́jú ọmọ. Ilé ẹ̀kọ́ tìlẹ̀kùn, ṣọ́ọ̀bù tìlẹ̀kùn, àwọn bàbá kó ọmọ lẹ́yìn lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ kan péré ni. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣòfin lórí ìdọ́gba ọkùnrin àti obìnrin, nígbà tó sì di ọdún 1980, wọ́n dìbò yan obìnrin, Vigdís Finnbogadóttir, sípò ààrẹ. Òfin yẹn kò mú gbogbo ìyà kúrò, èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ṣoṣo, gbogbo orílẹ̀-èdè náà fojú ara rẹ̀ rí ẹni tó ń gbé e ró.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kò sí aláṣẹ tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo iṣẹ́ àṣẹ. Ẹnì kan ló ń wa ọkọ̀ ọlọ́pàá. Ẹnì kan ló ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹnì kan ló ń gba owó orí, adájọ́ kan ló ń buwọ́ lùwé, oníṣòwò kan ló ń gbọ́ bùkátà ìdìbò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ní ìyàwó tàbí ọkọ nílé, ó ní ọmọ tó ń bi í léèrè ohun tó ṣe níbi iṣẹ́ lónìí. Ìfẹ̀hónúhàn tó bá kẹ́sẹ járí ni èyí tó mú kí àwọn bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí ẹni tó wà lókè yóò fi pàṣẹ, tí kò ní sí ẹni tó máa jẹ́ ẹ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dá ẹgbẹ́ Otpor sílẹ̀ ní Sẹ́bíà ní ọdún 1998 mọ èyí dunjú. Dípò kí wọ́n máa sọ òkò lu ọlọ́pàá, wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ìyà kan náà ń jẹ. Nígbà tí Slobodan Milošević, tó ń ṣàkóso níbẹ̀ nígbà náà, kọ̀ láti gba èsì ìdìbò oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000, àwọn awakùsà èédú ní Kolubara da iṣẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ èédú ibẹ̀ ni wọ́n fi ń pèsè apá tó pọ̀ nínú iná mànàmáná orílẹ̀-èdè náà. Lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹwàá, èrò rọ́ wọ Belgrade, ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá sì kọ̀ láti yìnbọn sí wọn. Lọ́jọ́ kejì, Milošević fẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun ti fìdí rẹmi. Bí ẹ bá wo fọ́tò ọjọ́ yẹn, èrò lẹ ó rí. Iṣẹ́ ọdún méjì tó sọ ìbọn di igi lásán lọ́wọ́ ọlọ́pàá kò hàn nínú fọ́tò kankan.

Kòríà Gúúsù ni ẹ̀kọ́ tó mọ́ jù lọ lójú tèmi. Láti ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2016, àwọn èèyàn ń jáde ní Sátidé, Sátidé sí Sátidé, tàgbà tèwe pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́, wọ́n ní kí Ààrẹ Park Geun-hye kúrò lórí oyè. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ráyè ni Sátidé, èèyàn sì lè gbé ọmọ pọ̀n wá láìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí gbogbo àbẹ́là yẹn dojú kọ. Òfin ibẹ̀ ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè yọ ààrẹ, àwọn alátakò kò sì tó bẹ́ẹ̀. Àfi kí àwọn kan jáde láti inú ẹgbẹ́ òṣèlú ààrẹ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìdìbò pé, lọ́jọ́ 9 oṣù Kejìlá, aṣòfin 234 ní kó lọ, 56 ní kó dúró. Àwọn tirẹ̀ ti já a sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2017, ilé ẹjọ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfin ilẹ̀ wọn fi òǹtẹ̀ lù ú láìsí adájọ́ kan tó yapa.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ohun tí mo máa ń bi àwọn tó bá wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi nìyí: níbo ni ògiri tiyín ti fẹ́ lanu? Ta ni nínú ilé yẹn tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́? Mo mọ̀ pé inú máa ń bíni, pé ẹnu máa ń yá láti bú gbogbo ẹni tó ń bá wọn jẹun pọ̀. Àmọ́ ẹni tí ẹ bá bú tìran-tìran lónìí kò ní ọ̀nà tó máa gbà sá wá bá yín lọ́la. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún un, kódà bí ó bá dùn yín.

Ẹ jẹ́ kí n wá kan ọ̀rọ̀ kan nínú lẹ́tà yín tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì: "láàárín ọjọ́ mẹ́ta."

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Rosa Parks, obìnrin aláwọ̀ dúdú, kọ̀ láti dìde fún aláwọ̀ funfun nínú bọ́ọ̀sì ní Montgomery, ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1955. Wọ́n máa ń sọ ìtàn náà bí ẹni pé ó rẹ obìnrin kan, ó jókòó, ìlú sì dìde. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Parks ti ń bá ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ NAACP ṣiṣẹ́ láti ọdún 1943, akọ̀wé ẹ̀ka wọn ni. Ẹgbẹ́ obìnrin kan nílùú náà, Women's Political Council, ti kọ̀wé sí olórí ìlú láti oṣù Karùn-ún ọdún 1954 pé bí ìyà inú bọ́ọ̀sì kò bá dáwọ́ dúró, àwọn èèyàn lè pa bọ́ọ̀sì tì. Ní oṣù Kẹta ọdún 1955, wọ́n mú Claudette Colvin, ọmọ ọdún 15, fún ohun kan náà, àwọn aṣáájú jókòó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì pinnu pé kò tíì yá. Nítorí náà, lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú Parks, Jo Ann Robinson, olórí ẹgbẹ́ obìnrin yẹn, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú ohun tí wọn yóò ṣe. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, ó fi òru ọjọ́ náà tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé pélébé, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìwé ti ń káàkiri.

Lọ́jọ́ 5 oṣù Kejìlá, bọ́ọ̀sì ń sáré lójú títì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí aláwọ̀ dúdú kankan nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ìfẹ̀hónúhàn òde òní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí: ọjọ́ kìíní lárinrin, a ya fọ́tò, ó tán. Ní Montgomery, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Báwo ni ìyá tó ń fọ aṣọ fún olówó yóò ṣe dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ láìwọ bọ́ọ̀sì? Wọ́n kó nǹkan bí 300 mọ́tò jọ, wọ́n yan ibi tí mọ́tò yóò ti máa gbé èrò àti ibi tí yóò ti máa já wọn, wọ́n ń wá owó epo, wọ́n ń pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì déédéé kí ọkàn àwọn èèyàn má baà rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n ju bọ́ǹbù sí ilé Martin Luther King, aṣáájú wọn, ní oṣù Kìíní ọdún 1956, King fúnra rẹ̀ sì dúró níwájú ilé tó bàjẹ́ yẹn, ó ń bẹ èrò tínú ń bí pé kí wọ́n padà sílé láìgbẹ̀san. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, agbẹjọ́rò gbé ẹjọ́ Browder v. Gayle lọ sí kóòtù láti ta ko òfin ìyàsọ́tọ̀ inú bọ́ọ̀sì, Colvin ọmọdébìnrin yẹn sì wà lára àwọn tó pẹjọ́. Ọjọ́ 381 ni wọ́n fi kọ bọ́ọ̀sì. Owó bọ́ sọnù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì dá wọn láre ní oṣù Kọkànlá ọdún 1956. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ẹsẹ̀, owó àti kóòtù ni wọ́n fi jà pa pọ̀.

Ohun tó jọ mí lójú jù nínú ìtàn yẹn ni àwọn ìpàdé alaalẹ́ tí kò sí ẹni tó rántí wọn mọ́. Nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí owó epo, tí wọ́n ń pín iṣẹ́, tí wọ́n ń bínú tí wọ́n sì ń parí ìjà, kì í ṣe mọ́tò nìkan ni wọ́n ń kó jọ. Wọ́n ń mọ ẹni tó ṣeé finú hàn. Wọ́n ń mọ ẹni tó mọ owó ká, ẹni tó máa ń sá nígbà tó bá gbóná, ẹni tí ẹnu rẹ̀ lè pa iná ìjà. Wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń ṣàìgbà pẹ̀lú ara ẹni láìtúká. Fóònù ti gba iṣẹ́ ìpèníjáde lọ́wọ́ wa báyìí, ó sì ń ṣe é yára ju Robinson lọ. Kò lè gba iṣẹ́ kejì yẹn. Àwọn tí fóònù kó jọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta ń pàdé ara wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ lójú títì, nínú èéfín tajútajú, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fẹ́ ṣe ìpinnu tó le jù. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Kì í ṣe pé kí ẹ ju fóònù nù. Ní Kẹ́ńyà ní ọdún 2024, àwọn ọ̀dọ́ lò ó fún ohun tó ṣe pàtàkì: wọ́n tú àbádòfin ìnáwó tó kún fún owó orí tuntun palẹ̀ lórí ayélujára, wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní oríṣiríṣi èdè, ẹni tí kò ka ìwé òfin rí sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Nígbà tí wọ́n jáde, ohun tí wọ́n ń béèrè kò ta kókó: ẹ kọ àbádòfin yìí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò lójú títì, ó sì ń dùn mí láti kọ ìlà yìí. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹfà, ọjọ́ kejì tí èrò ya wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, Ààrẹ Ruto sọ pé òun kò ní buwọ́ lù ú. Nígbà tí wọ́n sì kúrò lórí àbádòfin, tí wọ́n ní kí ààrẹ fúnra rẹ̀ lọ, ọ̀nà kò tẹ́jú bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí àbádòfin ní ẹni tó lè fà á ya lọ́jọ́ kan. Ìjọba tí ó wà lórí oyè kò ní.

Ìyẹn ni mo ṣe máa ń sọ pé kí ohun tí ẹ ń béèrè jẹ́ ohun tí ẹnì kan, tí ó ní orúkọ, lè sọ pé "ó dára" sí. Àwọn tó pàgọ́ sí Zuccotti Park ní New York láti ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, àwọn tí a mọ̀ sí Occupy Wall Street, mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti to ìbéèrè sílẹ̀. Wọ́n yí bí Amẹ́ríkà ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa olówó àti mẹ̀kúnnù padà, ọ̀rọ̀ "ìdá 99", ìyẹn àwa tó kù yàtọ̀ sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tó lówó jù, kò sì kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn títí dòní. N kò fojú kéré ìyẹn. Àmọ́ nígbà tí ọlọ́pàá kó wọn kúrò lọ́jọ́ 15 oṣù Kọkànlá, kò sí òfin kan tí a lè nàka sí pé torí tiwọn ni wọ́n ṣe ṣe é. Bí ó bá jẹ́ pé kí àwọn èèyàn máa sọ̀rọ̀ ni ẹ fẹ́, ọ̀nà wọn dára. Bí òfin lẹ fẹ́ kó yí padà, ẹni tó ń lé eku méjì yóò pòfo.

Ta wá ni yóò pinnu? Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ olórí, nítorí olórí ni wọ́n máa ń mú, olórí ni wọ́n máa ń fi owó rà. Òótọ́ ni. Ní Hong Kong ní ọdún 2019, èrò máa ń ṣàn bí omi, kò sí orí tí ìjọba lè gbá mú, èyí sì ṣe iṣẹ́ gidi: wọ́n mú kí ìjọba fa àbádòfin tí yóò máa fi èèyàn ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Ṣáínà fún ìgbẹ́jọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè márùn-ún ni wọ́n ní, wọ́n ní ẹyọ kan kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Nígbà tí àkọ́kọ́ bọ́ sí wọn lọ́wọ́, kò sí ẹni tí gbogbo wọn gbà pé ó lè sọ pé, ẹ jẹ́ ká dúró níbí, ká gba èyí, ká gba ọ̀nà mìíràn wá fún ìyókù. Nígbà tí òfin ààbò ìlú tí Beijing gbé kalẹ̀ dé ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2020, ojú pópó ti pa rẹ́ fún wọn.

Kò pọn dandan kí ó jẹ́ olórí kan ṣoṣo o. Àwọn àgbẹ̀ Íńdíà ni mo máa ń tọ́ka sí. Nígbà tí wọ́n ń ta ko òfin mẹ́ta lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba gbé jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, nǹkan bí ogójì ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ló para pọ̀ lábẹ́ orúkọ Samyukta Kisan Morcha. Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ti wà tipẹ́, wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ ní abúlé dé abúlé, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń ṣèpàdé. Ní ìparí oṣù Kọkànlá, wọ́n pàgọ́ sí ẹnu ibodè Delhi pẹ̀lú tirakítọ̀ wọn, wọ́n dá ibi ìdáná sílẹ̀, ibi ìtọ́jú aláìsàn àti ibi ìkàwé. Bí àwọn kan bá padà lọ kórè, àwọn mìíràn láti abúlé wọn yóò wá rọ́pò wọn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, ìjọba ní òun yóò dá òfin náà dúró fún oṣù 18. Wọ́n jókòó, wọ́n jíròrò, wọ́n kọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, àwọn kan ya kúrò nínú ìwọ́de tirakítọ̀, wọ́n ya wọ Red Fort, odi àtijọ́ kan ní Delhi, ìjà ṣẹlẹ̀, ojú gbogbo ènìyàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára wọn. Ó jẹ́ ọjọ́ tó burú jù fún wọn. Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ya ara wọn sọ́tọ̀ kúrò nínú ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì fagi lé ìwọ́de tí wọ́n ti kéde tẹ́lẹ̀ pé àwọn yóò ṣe lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Wọ́n kò túká. Nígbà tí ìdìbò ní Punjab àti Uttar Pradesh kù díẹ̀, lọ́jọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Olórí Ìjọba Narendra Modi kéde pé òun yóò fagi lé òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kódà wọn kò lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ó di ìgbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fagi lé e tán, tí wọ́n sì rí ìwé ìlérí lórí àwọn ọ̀rọ̀ tó kù, kí wọ́n tó ká àgọ́ ní oṣù Kejìlá. Ta ni aláṣẹ yóò bẹ̀rù ju ẹni tó lè dúró bẹ́ẹ̀ lọ?

Lórí iná tí wọ́n ní kí ẹ dá. Àwọn olùwádìí méjì, Erica Chenoweth àti Maria Stephan, yẹ ìjà ńláńlá 323 wò, láti ọdún 1900 sí 2006, àwọn èyí tí àwọn èèyàn fi fẹ́ lé ìjọba tàbí lé àwọn tó gba ilẹ̀ wọn. Àwọn tí kò gbé ohun ìjà ṣàṣeyọrí ní ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó gbé e ní ìdá 26. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí mo ti ń sọ. Ìyá arúgbó, akọ̀wé báǹkì, ọmọ ilé ìwé, gbogbo wọn lè gbé àbẹ́là. Mélòó nínú wọn ló lè ju òkò? Ọjọ́ tí iná bá sọ, àwọn wọ̀nyí ni yóò kọ́kọ́ padà sílé, ọlọ́pàá tí ọkàn rẹ̀ ti ń yí bọ̀ yóò sì tún rántí pé òun ní ìdí láti bẹ̀rù yín. Àwọn kan sì máa ń wọ àárín èrò láti dá iná yẹn sílẹ̀ fún àǹfààní aláṣẹ. Àìfìjàgbọ̀n kì í ṣe ìwà pẹ̀lẹ́ lásán, iṣẹ́ tí a ń kọ́ ni. Ní Nashville, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1959, James Lawson kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, ó ní kí àwọn kan máa bú àwọn yòókù, kí wọ́n máa tì wọ́n ṣubú lórí àga, títí tí yóò fi mọ́ wọn lára láìdáhùn. Nígbà tí wọ́n lọ jókòó sí ilé oúnjẹ tó ń kọ aláwọ̀ dúdú ní oṣù Kejì ọdún 1960, tí wọ́n sì lù wọ́n lóòótọ́, kò sí ẹni tó bá wọn nínú àìmọ̀. Ní oṣù Karùn-ún, àwọn ilé oúnjẹ àárín ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ilẹ̀kùn fún wọn.

Ẹ ó gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé bí ìdá mẹ́ta àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ìlú bá ti jáde, ìjọba gbọ́dọ̀ wó. Láti inú ìwádìí Chenoweth náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde, ṣùgbọ́n ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí ló ń ròyìn, kì í ṣe òfin. Ní Bahrain ní ọdún 2011, èrò tó jáde ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ìjọba kò sì wó, nítorí àwọn tó ń gbé e ró kò yẹ̀, ọmọ ogun sì ti ilẹ̀ òkèèrè wá kún wọn. Láti bí ọdún 2010 wá, àṣeyọrí irú ìjà bẹ́ẹ̀ ti dín kù káàkiri ayé. Àwọn aláṣẹ náà ń kẹ́kọ̀ọ́ o. Wọ́n ti mọ bí a ṣe ń dúró de àárẹ̀.

Wọ́n sì ti mọ bí a ṣe ń pa íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ará Sùdáànì mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Omar al-Bashir tó ti wà lórí oyè láti ọdún 1989 ṣubú lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2019. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹfà, wọ́n pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún níbi tí èrò jókòó sí níwájú ibùdó ọmọ ogun ní Khartoum, wọ́n sì pa íntánẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kó tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìgbìmọ̀ àdúgbò wà, àwọn tó mọ ojúlé ara wọn. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sára ògiri, wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ránṣẹ́. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹfà, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, èrò kún ìgboro jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, àwọn ológun sì padà sórí tábìlì ìjíròrò. Nígbà tó di ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, àwọn ológun náà tún gba ìjọba, nítorí ìbọn kò kúrò lọ́wọ́ wọn rí. Íjíbítì rí irú rẹ̀ ṣáájú wọn: ọjọ́ 18 péré ni wọ́n fi lé Ààrẹ Mubarak ní ọdún 2011, ọmọ ogun sì padà gba gbogbo rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2013. Lílé ẹnì kan kúrò kò gba ìmúrasílẹ̀ tó kíkọ́ ohun tó máa rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èyí tó ṣòro jù ni kì í sí ẹni tó máa ń ráyè jókòó rò.

Ó wá ku ẹ̀yin ogún. Kí ẹ tó tún pe ẹnikẹ́ni jáde, ẹ máa pàdé lójúkojú fún oṣù mẹ́ta, ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, kódà bí kò bá sí ìròyìn. Níbi ìpàdé àkọ́kọ́, ẹ kọ orúkọ ẹni tó lè sọ "ó dára" sí ohun tí ẹ ń béèrè sórí ìwé. Orúkọ èèyàn o, kì í ṣe "ìjọba." Lábẹ́ rẹ̀, ẹ to àwọn tó gbára lé: ta ló ń fún un lówó, ta ló ń dìbò fún un, ta ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú yín lọ bá èèyàn mẹ́ta tó wà lára àwọn wọ̀nyí, tàbí tó sún mọ́ wọn, kí ó kàn gbọ́ ohun tí wọ́n ní í sọ. Ẹ pinnu ní kùtùkùtù, nígbà tí kò tíì sí ìjà, bí ẹ ó ṣe máa ṣèpinnu nígbà tí ìjà bá dé, àti ohun tó kéré jù tí ẹ lè gbà. Kí ẹnì kan máa kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sílẹ̀, kí gbogbo yín sì lè rí i nígbàkígbà. Ẹ wá ohun kékeré kan tí ẹ lè borí láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, kí ẹsẹ̀ yín lè mọ bí ilẹ̀ ṣe rí. Bí ẹ bá wá pe èrò lẹ́yìn ìyẹn, kí ohun tí ẹ ó ṣe ní ọjọ́ kejì, ọ̀sẹ̀ kejì àti oṣù kejì ti wà nílẹ̀ kí ọjọ́ kìíní tó pé.

Bí ẹ bá ti ṣe ìpàdé kẹrin, ẹ kọ̀wé sí mi. Mo fẹ́ mọ orúkọ tó wà lórí ìwé yẹn, àti ibi tí ẹ rò pé ògiri ti fẹ́ lanu.